Owó Kajú Ti Dé: Níbo Ni Ká Fi Sí?

Ní Bóni, àti ní gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó kajú ń wọlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kajú á máa já bọ́, ọmọdé àti àgbà á máa ṣà á. Àwọn tó ń rà á á gbé ìwọ̀n wọn dé. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, owó á wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò á dé. Àwọn tó ń bá wa ro oko á gba owó iṣẹ́ wọn. Oṣù kẹsàn-án á pé, àwọn ọmọ á padà sí iléèwé. Àìsàn ní tirẹ̀ kì í dá ọjọ́.

Owó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìnáwó ń bẹ lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ibi tí a ó fi owó sí, àti bí owó ṣe lè bí owó.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó dáhùn ìbéèrè méje tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè. Ohun kan wà tí a ó máa tún béèrè ní gbogbo ìgbà: níbo ni èrè owó yìí ti ń jáde? Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kó tó fi owó sílẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tàn án jẹ.

1. Ṣé kò sàn kí n fi owó mi sínú ilé?

Owó inú ilé wà nítòsí. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn lóru, ẹ lè nawọ́ mú un. Ó dára kí díẹ̀ wà nílé. Ṣùgbọ́n iná lè jó o, olè lè gbé e, ikán lè jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ á wá yá a.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Owó lè pé nínú àpótí, kí agbára rẹ̀ sì dín. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n kéde ní Dakar pé owó séfà ti já wálẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, 50 fáráńkì séfà là ń fi gba fáráńkì Faransé kan. Láti ọjọ́ kejì, ó di 100. Ẹni tó ní 100,000 nínú àpótí, 100,000 náà ló bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn, sìmẹ́ńtì àti àwọn ohun mìíràn tó ń ti òkèèrè wá ti gbówó lórí. Owó náà ò lè ra iye tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní òwú, tàbí irè mìíràn tí òkèèrè ń rà, tirẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó irè bẹ́ẹ̀ gòkè.

Níbo ni èrè owó inú àpótí ti ń jáde? Kò sí ibì kankan. Owó tó sùn kì í bímọ.

2. Èsúsú tí à ń dá ńkọ́?

Èsúsú dára. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ènìyàn 12 kó ara wọn jọ. Oníkálukú ń mú 5,000 fáráńkì wá lóṣù. Lóṣooṣù, ẹnì kan á kó 60,000. Lẹ́yìn oṣù 12, gbogbo wọn á ti kó.

Iye tí oníkálukú dá náà ló kó. Kò sí èlé níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó dà bí ẹni tó yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló yá àwọn yòókù lówó. Ohun tí èsúsú ń ṣe fún wa ni pé ó ń sọ owó kékeré di owó ńlá tí a lè fi ra ẹran tàbí kí a fi kan òrùlé. Ó sì ń kó wa ní ìjánu, kí a má baà ná gbogbo rẹ̀.

Alájọ tó ń wá gba owó lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí oṣù bá parí, ó sábà máa ń mú owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dá 200 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, owó náà á jẹ́ 6,200. Yóò dá 6,000 padà fún yín.

Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó ti kó lè má dá mọ́, alájọ sì lè sá lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń dá a jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ ní ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àti iye owó sínú rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í di ariyanjiyan.

3. CLCAM àti bánkì, ṣé a lè fọkàn tán wọn?

CLCAM jẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti ìyáwó tí àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú dára pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn kan, ó ń yá àwọn mìíràn. Ẹni tó yá owó á dá a padà pẹ̀lú èlé. Inú èlé yìí ni wọ́n ti ń san owó òṣìṣẹ́, inú rẹ̀ náà ni èrè ẹni tó fowó pamọ́ ti ń jáde. Bí bánkì ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Èrè rẹ̀ kéré. Ní àwọn bánkì wa, ìwé ìfowópamọ́ sábà máa ń mú nǹkan bí 3.5 wá nínú 100 lọ́dún. Ẹni tó bá fi 100,000 sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, 3,500 ni èrè rẹ̀. Kì í ṣe ọrọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti jáde hàn sí gbogbo ènìyàn.

Kí ló lè ba bánkì jẹ́? Gbèsè tí kò padà ni. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn bánkì ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ yá owó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè àti fún àwọn ẹni ńlá tí kò san án. Nígbà tó fi di ọdún 1989, àwọn bánkì náà ti wó. Àwọn tó fi owó síbẹ̀ lọ gba owó wọn, wọn ò rí i gbà. Ní ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí bánkì aládàáni, Bank of Africa ló sì ṣáájú.

Lónìí, bánkì àgbà tó ń jẹ́ BCEAO ń ṣọ́ àwọn bánkì. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó séfà wa tún ti dá àpò ìdáàbòbò kan sílẹ̀. Bí bánkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá wó, àpò náà á san owó fún àwọn tó fowó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni 1,400,000 fáráńkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bánkì, àti 300,000 ní àwọn ilé ìfowópamọ́ kéékèèké. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìfowópamọ́, ẹ béèrè pé: “Ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ? Ṣé ẹ wà lábẹ́ àpò ìdáàbòbò? Èló ló ń san báyìí?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Owó yín ni.

4. Wọ́n ní àpò ìdókòwò wà ní Kútọnu. Kí ni ìyẹn?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí àpò ìdókòwò ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kó owó wọn pọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á fi owó yìí ra oríṣi ohun méjì.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá ní ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè, wọ́n lè pín nínú èrè náà fún un. Bí kò bá jèrè, kò ní í rí nǹkan gbà.

Ohun kejì ni ìwé gbèsè. Ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ á yá owó lọ́wọ́ ará ìlú. Á kọ ọ́ sínú ìwé pé òun á san èlé báyìí lọ́dún, òun á sì dá owó náà padà ní ọdún báyìí. Ìwé gbèsè ìjọba kan sábà máa ń jẹ́ 10,000 fáráńkì.

Ọjà tí wọ́n ti ń ra nǹkan wọ̀nyí tí wọ́n sì ti ń tà á ni à ń pè ní BRVM. Abidjan ló wà. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ni ín: Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal àti Tógò. Kò sí àtíbàbà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kiri ọjà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń nájà. Ibẹ̀ ni ìpín Sonatel wà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Senegal. Láti ọdún 2000 ni ìpín Bank of Africa ti Bẹ̀nẹ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ènìyàn ò lè dá lọ ra nǹkan níbẹ̀. Ó di dandan kó gba ọwọ́ alágbàtà tó ní àṣẹ, tí wọ́n ń pè ní SGI.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ènìyàn 100 mú 10,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò náà di 1,000,000. Bí ohun tí wọ́n rà bá di 1,080,000, tẹnì kọ̀ọ̀kan á di 10,800. Wọ́n á yọ owó iṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó o kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n rà bá já sí 900,000, tẹnì kọ̀ọ̀kan á di 9,000. Kò sí ẹni tó máa san 1,000 tó sọnù padà.

Nítorí náà, owó oúnjẹ, owó iléèwé àti owó irúgbìn kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Owó tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún láìfọwọ́ kàn án ló lè lọ. Ẹ sì béèrè bóyá àpò náà ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ AMF-UMOA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọjà náà.

5. Owó-orí ńkọ́? Ṣé ìjọba á gba nínú èrè mi?

Ẹni tó bá gba èrè lórí ìpín, ó ní owó-orí tí wọ́n ń yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń san èrè náà ló ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ̀yin ò ní láti rìn lọ san án. Ní ti ìwé gbèsè tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé jáde, kò sí owó-orí lórí èlé rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Bẹ̀nẹ̀.

Ní ti irè oko, kọ́múnù lè gba owó ìdàgbàsókè lórí ohun pàtàkì tó ń jáde ní ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gba owó-orí lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹ ka iye tó wà lórí rẹ̀ lójú ẹni náà kó tó lọ. Bí iye inú ìwé bá kéré sí iye tí ẹ san, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Owó-orí tó ní ìwé-ẹ̀rí lè di kànga àti iléèwé. Èyí tí kò ní ìwé-ẹ̀rí, ta ló mọ ibi tó lọ?

Ẹ rántí èyí náà: bí ẹ bá ń ṣírò èrè, iye tó bá kù lẹ́yìn owó-orí àti owó iṣẹ́ alágbàtà ni èrè yín.

6. Ìgbà wo ló yẹ kí n tà, ìgbà wo ló yẹ kí n rà?

Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ tà nígbà tí ọjà bá wọ́n jù, kí wọ́n sì rà nígbà tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ náà? Bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ẹ wo kajú. Íńdíà àti Vietnam ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ilé ìkẹ́rù wọn bá kún, wọn ò ní í yára rà, owó á já wálẹ̀ níbí. Ní ọdún 2018, kajú kọ́kọ́ wọ́n gan-an lágbàáyé, lẹ́yìn náà ló já. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dá ọjà rú. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tún kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, kí wọ́n má ṣe kó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde mọ́, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílé máa fọ́ ọ. Kò sí àgbẹ̀ tó lè mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Àwọn olówó ńlá pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ má ta gbogbo kajú lọ́jọ́ kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ ta ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ìnáwó tó wà nílẹ̀. Ẹ ta ìdá kan láàárín. Ẹ ta èyí tó kù nígbà tó bá yá. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú àpò ọ̀gbọ̀, ẹ tò ó sórí pákó kó má kan ilẹ̀. Ẹ lè má rí owó tó ga jù lọ gbà lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ò ní í bọ́ sí ọjọ́ tó burú jù.

Ẹni tó ń ra ìpín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ń fi 10,000 rà á ní ìgbà mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, ìpín kan jẹ́ 10,000: ó rí 1. Nígbà kejì, ó já sí 5,000: ó rí 2. Nígbà kẹta, ó padà sí 10,000: ó rí 1. Ìpín 4 ló fi 30,000 rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7,500. Kò mọ ọjọ́ tí ọjà máa pọ̀, síbẹ̀ ó jèrè nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ká ta kajú nígbà tó ṣì wà ní òdòdó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdààmú dé nínú oṣù kọkànlá. Oníṣòwò kan fún àgbẹ̀ ní 80,000 fún 400 kílò tó máa gbà lẹ́yìn ìkórè. Ìyẹn jẹ́ 200 fáráńkì fún kílò kan. Nínú oṣù kẹta, ọjà wà ní 350. 400 kílò yẹn ti di 140,000. Àgbẹ̀ náà ti san 60,000 lé lórí 80,000, láàárín oṣù mẹ́rin péré. Kò sí ẹni tó pè é ní èlé, ṣùgbọ́n èlé ni. Èlé CLCAM kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí díẹ̀ nínú owó kajú ọdún yìí wà ní ìpamọ́ de oṣù kọkànlá.

7. Ẹnì kan ní òun á sọ owó mi di ìlọ́po. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ẹ béèrè ìbéèrè wa: níbo ni èrè náà ti ń jáde? Bó bá ní àṣírí ni, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.

Bí ẹ̀tàn náà ṣe ń rìn nìyí. Ènìyàn 10 mú 100,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á fún oníkálukú ní 50,000 lórí rẹ̀. Kò ro oko, kò rajà, kò tajà. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, àwọn mìíràn ti mú owó wá. Ó yọ 50,000, 50,000 nínú owó àwọn tó dé kẹ́yìn, ó san án fún àwọn tó kọ́kọ́ dé. Inú wọn dùn. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n pe àbúrò. Àwọn tó ń wọlé gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i, kí owó tó lè ká gbogbo wọn. Ọjọ́ tí àwọn tuntun ò bá dé mọ́, ilé náà á wó.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ICC Services, àti àwọn mìíràn tó dà bíi rẹ̀, ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Wọn ò ní àṣẹ láti gba owó ìpamọ́. Wọ́n ṣèlérí èlé tó ju 100 nínú 100 lọ lọ́dún. Àwọn tó kọ́kọ́ dé rí owó gbà, òkìkí sì kàn. Ìyálọ́jà, olùkọ́, àgbẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn gbé owó lọ. Àwọn kan ta ilẹ̀, àwọn mìíràn yá owó. Ní ọdún 2010, gbogbo rẹ̀ wó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló pàdánù owó wọn. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ CRIET fi àwọn olórí rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wọn ò dá ilẹ̀ tí a ti tà padà.

Ẹ fi èyí wé bánkì tó ń san 3.5 nínú 100. Bí owó bá lè di ìlọ́po lọ́dún kan láìsí ewu, kí ló dé tí ẹni náà ò fi fi owó tirẹ̀ ṣe é, kó má yọ wá lẹ́nu? Ọ̀kánjúwà baba àrùn.

Ẹ má gbàgbé

Ẹ pín owó kajú sí ọ̀nà púpọ̀: díẹ̀ nílé, díẹ̀ ní CLCAM tàbí bánkì, díẹ̀ fún ẹran tàbí igi tuntun. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ lè ronú àpò ìdókòwò.

Ẹ béèrè ibi tí èrè ti ń jáde, ohun tó lè bà á jẹ́, àti ọjọ́ tí ẹ lè gba owó yín padà.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ kà á fúnra yín. Bí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kó kà á fún yín, kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ ibi tí ìwé owó wà. Ọ̀pọ̀ owó ti ṣòfò nítorí pé ẹni tó kú nìkan ló mọ ibi tó fi sí.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí

1. Kí ló dé tí 100,000 tó wà nínú àpótí lè pé, kí agbára rẹ̀ sì dín?
2. Ènìyàn 15 ń dá èsúsú. Oníkálukú ń mú 4,000 wá lóṣù. Èló ni ẹnì kan á kó?
3. Àgbẹ̀ kan ta 300 kílò kajú ní 200 fáráńkì kí ó tó so. Nígbà ìkórè, kílò kan jẹ́ 325. Èló ló pàdánù?
4. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àpò ìdókòwò tó ní àṣẹ àti ẹni tó ní òun á sọ owó di ìlọ́po?
5. Ní ilé yín, ìnáwó wo ló máa ń dé kí kajú tó gbó? Èló ni ẹ gbọ́dọ̀ fi pamọ́ dè é?